Ọkọ Oníkíbọ́ọ̀dù

Wọ́n yá báńdì mi lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn ń yá àga lọ́wọ́ aládùúgbò, mo sì dá wọn lóhùn pé kò sí wàhálà.

Ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Agége ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Aládùúrà ni wá. Èmi Olúfúnṣọ́ ni mò ń fọn fèrè sakisofóònù níbẹ̀, ìyàwó mi Ọlárónkẹ́ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, Déolú ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, Shuaib sì ń lu dúrọ́ọ̀mù. Mùsùlùmí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Shuaib, ṣùgbọ́n tó bá ti di Sọ́ńdè, ọ̀dọ̀ wa ló wà, kò sì sí ẹni tó rí i bí nǹkan. Èmi ni mo kó wọn jọ. Èmi ni mo fi ibi tó yẹ kí ìka wà lórí okùn han Déolú. Tí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní báńdì Olúfúnṣọ́ ń bọ̀, ẹni tí wọ́n ń sọ nìyí.

Lọ́jọ́ ìkórè yẹn, mo fọn fèrè débi pé àwọn ìyá ìjọ ń fi etí aṣọ funfun wọn nu òógùn ijó. Lọ́wọ́ ẹ̀yìn, bàbá àgbàlagbà kan jókòó pẹ̀lú obìnrin kan tó ń jẹ́ Hassanat, tó ń bójú tó eré orin ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà GRA. Mo mọ bàbá náà. Ta ni kò mọ̀ wọ́n nínú àwa tí à ń fọn fèrè? Bàbá Dàwódù, ọmọ Òkè-Kòtò ní Agége níbí, tí wọ́n ti ń fọn fèrè jáàsì kiri ilẹ̀ Jámánì láti ìgbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi. Fọ́tò wọn wà nínú fóònù mi. Nígbà tí mo rí wọn, mo tún fọn ún sí i. Mo fọn ún bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Dàwódù ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Mo ti nu ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n lọ bọ ìyàwó mi lọ́wọ́, wọ́n bọ Shuaib lọ́wọ́, wọ́n bọ Déolú lọ́wọ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó yíjú sí mi.

“Ọ̀gá, o ṣé gan-an,” ni wọ́n wí. “Irú àwọn mẹ́ta yìí ni mò ń wá. Àwọn tó yẹ kó bá mi wá láti Jámánì kò rí físà gbà. Jọ̀ọ́, yá mi wọn fún eré Sátidé tó ń bọ̀.”

Kí ni èèyàn ń sọ fún àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó sì tún ń sọ pé jọ̀ọ́? Mo ní, “Kò sí wàhálà, sà.”

Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe ìgbáradì ní hòtẹ́ẹ̀lì náà. Èmi ò lọ. Iṣẹ́ wà lọ́rùn mi; ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ọ̀gbà ni mo wà, ẹ̀rọ tó ń tẹ ìdérí ìgò ni mò ń darí. Ariwo ẹ̀rọ yẹn kì í dá. Tó bá fi lè dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn, ọ̀gá á sáré wá, gbogbo wa á sì dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ kò bá ara mi mu. Bí mo ṣe ń fọn fèrè náà nìyẹn. Èmi kì í fi àyè sílẹ̀. Orin tó bá ní ihò, ibẹ̀ ni ọkàn ìjọ á ti sá lọ. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, òun náà ni mo sì fi kọ́ báńdì mi.

Rónkẹ́ á dé láti ibi ìgbáradì, á máa kun orin nínú ilé. Obìnrin tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ orin rí, àyàfi tí a bá ń ṣàdéhùn ohùn tí a máa fi gbé e, ó wá ń sọ̀rọ̀ orin láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí sítóòfù.

“Bàbá Praise, ẹ ò gbọ́,” ó ní nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń ṣan ìrẹsì. Praise ni ọmọ wa. “Bí Bàbá ṣe ń ṣe tiwọn yàtọ̀. Tí wọ́n bá ti gbé fèrè kúrò lẹ́nu, tí wọ́n wá wo èèyàn báyìí, ẹni yẹn ni orin kàn nìyẹn. Wọn kì í pe orúkọ. Èèyàn á kàn gbà á, á máa lò ó bó ṣe wù ú. Wọ́n á dúró títí tó fi máa ṣe tán.”

“Ó lè jẹ́ pé èémí wọn ni kò tó mọ́,” ni mo wí. “Ara ti ń dara àgbà.”

“Bóyá.” Ó da omi ìrẹsì nù. “Lónìí, èmi ni wọ́n wò jù.”

Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe wò ó. Ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé mi ò ṣeré.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Owú tí mò ń jẹ kì í ṣe èyí tí ọkọ ń jẹ. Bàbá Dàwódù tó bí ìyàwó mi, wọ́n tó bí èmi náà. Ká ní ọkùnrin kan ló ń fa ojú rẹ̀ mọ́ra ni, mo mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀: màá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, màá pe wòlíì wa, màá sì wá ọkùnrin náà lọ sí ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni èèyàn máa fi ẹjọ́ sùn pé ìyàwó òun ń kun orin? Mo ń jowú, kò sì sí ẹni tí mo lè bá jà. Ìyẹn ló jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, mo wọ aṣọ mi tó dára jù, mo sì gbé àpótí fèrè mi dání. Rónkẹ́ ti lọ láti ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbé fèrè wá. Mo ń sọ fún ara mi pé èèyàn kì í mọ̀, àgbàlagbà ni wọ́n, ó lè rẹ̀ wọ́n láàárín eré. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kó rẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí, kí n gun orí pèpéle, kí n gba báńdì mi padà lójú gbogbo èèyàn, kí Rónkẹ́ sì tún rántí ẹni tí òun ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún.

Èmi nìkan ni mo fẹsẹ̀ rìn wọ ẹnu géètì hòtẹ́ẹ̀lì náà. Mọ́tò ló gbé àwọn yòókù wá. Abẹ́ igi nínú ọgbà ni wọ́n to àga sí, oòrùn sì ti ń rọ̀. Hassanat rí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ̀yin ni ọkọ oníkíbọ́ọ̀dù, àbí? Mo ti fi àga sílẹ̀ fún yín níwájú.”

Ọkọ oníkíbọ́ọ̀dù. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń fọn fèrè ní Agége, oyè tí wọ́n fi mí jẹ ní GRA nìyẹn. Mo jókòó, mo ti àpótí fèrè sábẹ́ àga, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí imú rẹ̀ yọ síta díẹ̀.

Báńdì mi gun orí pèpéle. Mo ti ra bàtà dúdú kan náà fún wọn fún irú òde báyìí, nítorí pé a kì í wọ bàtà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, àìwọ bàtà sì ti mọ́ wọn lára. Mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn ńlá máa wò wá bí ará oko. Wọ́n wọ̀ ọ́ wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí Rónkẹ́ ṣe jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù báyìí, ó bọ́ tirẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láìtiẹ̀ mọ̀. Shuaib náà bọ́ tirẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sálásí. Ara mi bù máṣọ. Mo ń wúkọ́ kí wọ́n lè wo ọ̀dọ̀ mi. Bàbá Dàwódù wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì bọ́ bàtà tiwọn náà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ohun tí mo ti ń fi ọdún púpọ̀ bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn.

Bàbá Dàwódù jókòó sórí àga gíga, wọ́n fọn ohùn kan ṣoṣo, wọ́n sì dákẹ́. Mo rò pé fèrè ti bàjẹ́. Ara mi yá gágá, ọwọ́ mi ti dé orí àpótí. Àṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, Déolú fi okùn dá wọn lóhùn, Shuaib rọra fi ọwọ̀ wáyà kékeré tó dípò igi ìlù gbá ojú ìlù, Rónkẹ́ sì gbé ohùn méjì lé e, àwọn ohùn tí mi ò mọ̀ pé wọ́n wà nínú kíbọ́ọ̀dù tí èmi fúnra mi rà.

Mo ń wò wọ́n. Déolú, tí mo máa ń yíjú wò kó má baà sùn lọ, ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tó dùn fún. Shuaib, tó jẹ́ pé tí mo bá ní kó rọra lù, á fajú ro bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ń lù ú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ibo ni àwọn èèyàn wọ̀nyí wà láti ọjọ́ yìí wá? Ṣé èmi ni wọ́n ń fi ara pamọ́ fún ni?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe, mo sì rí i, nítorí mo mọ iṣẹ́ náà. Ìka Bàbá Dàwódù ti le. Ibi tó yẹ kí wọ́n sáré, wọ́n ń fò ó ni. Ó tún ṣe díẹ̀, ohùn kan fọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Inú mi dùn. Mo wo ọkùnrin tó jókòó tì mí pé bóyá òun náà gbọ́ ọ. Ó di ojú, ó ń mi orí, ó ní “háà” nínú ọ̀fun. Ohùn tó fọ́ yẹn gan-an ló mú un. Ká má parọ́, ó mú èmi náà, níbi àyà, bí omi tútù ṣe ń ṣe ẹni tí kò tíì jẹun. Mo kórìíra rẹ̀ pé ó mú mi.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ojú Rónkẹ́. Tí orin kò bá kàn án, ẹnu Bàbá Dàwódù ló ń wò. Ó ń wò ó bí ọmọ kékeré ṣe ń wo ẹnu ẹni tó ń pàlọ́, kí ìgbà tí fèrè máa kúrò níbẹ̀ má baà kọjá òun. Ojú rẹ̀ ń dán. Lẹ́yìn èmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí rẹ̀ máa ń wà nílẹ̀ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Mo ti rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ ti yìn ín fún un lójú wòlíì rí. Báyìí, mo wá ń wo bí ìyàwó mi ṣe ń wo ẹnu ẹlòmíràn, mi ò sì fọwọ́ kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé ka iwájú mi.

Lẹ́yìn orin bíi mélòó kan, Bàbá Dàwódù fa máìkì mọ́ra.

“Ọ̀gá àwọn ọmọ yìí wà níbí,” ni wọ́n wí. “Ó sì gbé fèrè wá. Mo ti rí imú àpótí rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jókòó. Máa bọ̀, ọ̀gá. Ẹnu mi fẹ́ sinmi.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Mo ti to fèrè mi pọ̀ tán kí wọ́n tó gbé máìkì sílẹ̀. Mo gun orí pèpéle pẹ̀lú bàtà mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí àga mi gan-an, wọ́n sì fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò mi mu.

Mo ní ká gbé orin ọpẹ́ tí a máa ń lò fún ìkórè. Báńdì mi mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara wọn. Mo bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, mo kó o sílẹ̀: tòkè, tìsàlẹ̀, àti àwọn ibi tí ìka Bàbá Dàwódù kò lè dé mọ́ láyé. Mi ò fi ihò kankan sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi sùúrù wò mí. Obìnrin kan mú fóònù rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí Déolú padà sínú oorun rẹ̀, tí Shuaib ń lu ti Sọ́ńdè, tí kíbọ́ọ̀dù di ohùn kan ṣoṣo mú gbọọrọ, bí ẹni tó di ìlẹ̀kùn mú kí ọ̀gá lè kọjá. Wọn ò ṣe àṣìṣe kankan. Bí mo ṣe kọ́ wọn gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é.

Inú bí mi. Ṣé torí pé èmi ni? Ṣé Rónkẹ́ ò lè fún mi ní ìdajì ohun tó fún àlejò ni? Mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹ̀yìn, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo gbé fèrè kúrò lẹ́nu, mo yí sí i pátápátá, mo sì fi ojú bá a wí. Ojú tí mo fi ń wo Praise tó bá ń tọrọ ẹran níwájú àlejò ni mo fi wò ó.

Rónkẹ́ gbé orí sókè. Ó rí i pé fèrè ò sí lẹ́nu mi. Ó rí i pé òun ni mò ń wò.

Ojú rẹ̀ là. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ tó bí Praise. Kí n tó rántí ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi nídìí ìrẹsì, ó ti gba orin náà.

Orin ọpẹ́ wa ni, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ̀ ọ́. Ó fà á, ó dá a dúró, ó jẹ́ ká máa retí, ó wá sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti ní in tipẹ́. Ibo ló wá ń kó o pamọ́ sí? Ẹ̀yìn mi níbẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń fọn, ibẹ̀ ló wà, kò ráyè jáde ni. Shuaib rẹ́rìn-ín sókè. Obìnrin oní-fóònù fi fóònù sílẹ̀. Èmi dúró láàárín pèpéle, fèrè wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ òsì ṣe. Mi ò jowú Bàbá Dàwódù mọ́. Ìyàwó mi ni mò ń jowú.

Nígbà tó fẹ́ ṣe tán, ó gbé ojú sókè, ó sì wo ẹnu mi. Èmi ló ń dúró dè. Mo fi fèrè sẹ́nu, mo fọn ìwọ̀nba tí èémí mi gbé, a sì parí rẹ̀. Àwọn èèyàn dìde dúró. Wọ́n ń wo apá ibi tí kíbọ́ọ̀dù wà.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Dàwódù di ọwọ́ mi mú, wọn ò sì tètè fi í sílẹ̀.

“Mo ṣì ọ́ mú ní ṣọ́ọ̀ṣì yín,” ni wọ́n wí. “Mo rò pé o kì í fún ẹnikẹ́ni láyè. Ọkùnrin tó lè dákẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ lójú agbo báyìí, wọn ò pọ̀. O ṣé.”

“A máa ń ṣe é, sà,” ni mo dáhùn.

Lẹ́yìn wọn, mo gbọ́ tí Hassanat ń fi mí han àwọn kan. “Ọkọ oníkíbọ́ọ̀dù nìyẹn,” ó ní. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì tún gún mi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

A wọ bọ́ọ̀sì BRT tó ń lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí à ń gbé. A rí àga jókòó sí. Rónkẹ́ gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ìka rẹ̀ ṣì ń rìn lórí rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Bàbá Praise.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe.” Ó gbá báàgì náà mọ́ra. “Mo ti ń dúró dè é láti ìgbà tí a ti jọ ń ṣe orin. Mo ti gbà pé ẹ ò ní fún mi láéláé.”

Òótọ́ wà lẹ́nu mi. Mo lè sọ fún un pé mi ò fún un ní nǹkan kan, pé ojú ni mo fẹ́ fi bá a wí. Ìyẹn ì bá gba ayọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kíá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́ títí a fi kọjá ibùdókọ̀ bíi mélòó kan. Mi ò sọ ọ́. Kì í ṣe pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ń rántí bó ṣe wo ẹnu mi lórí pèpéle ni, mo sì fẹ́ kó tún wò ó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sọ́ńdè. A wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Wòlíì ní ká gbé orin dìde. Mo fọn ẹsẹ àkọ́kọ́, mo sì ti ní ohun tí mo pèsè sílẹ̀ fún ẹsẹ kejì, nǹkan gidi, tí Bàbá Dàwódù kò lè dán wò. Mo wo ẹ̀yìn. Orí Rónkẹ́ kò sí nílẹ̀. Ẹnu mi ló ń wò, bó ṣe wo ti Bàbá Dàwódù gẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ ń dán. Ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ yẹn wá nìyẹn, mo ti rí i gbà.

Mo fọn síwájú díẹ̀ sí i, kó lè máa wò mí. Ó ń wò mí. Mo tún fọn díẹ̀ sí i. Mo rí i tí ojú náà ń ṣá, tí orí rẹ̀ fẹ́ máa padà sílẹ̀.

Mo gbé fèrè kúrò lẹ́nu, mo sì wò ó. Ó gba orin náà. Bó ṣe gbà á tán, ó yí ojú kúrò lára mi, ó ń wo ìka ara rẹ̀, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Àwọn ìyá ìjọ dìde, wọ́n ń jó. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fèrè lọ́wọ́ mi, mo ń gbọ́ ọ. Ó dára ju tèmi lọ.